"Ìgbà Wo Ló Máa Parí?": Ìtàn Ìfojúbù Nínú Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù nítorí pé dátà kò tó láti gbọ́ ohùn, ẹ káàbọ̀, tiyín náà ni.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ sọ́fítíwíà, tàbí tó ń bá ẹni tó ń kọ ọ́ gbélé, ti gbọ́ ọ rí: "Ìgbà wo ló máa parí?" Wọ́n ń béèrè rẹ̀ nínú ìpàdé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, wọ́n ń béèrè rẹ̀ lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹni tí wọ́n bi yóò wo òkè, yóò wo ilẹ̀, yóò ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì." Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n ti kọ ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún oníbàárà. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òun ni ọ̀lẹ, òun ni òpùrọ́, òun ni yóò máa sùn sí ọ́fíìsì.

Mo ti rí i kí ọ̀rọ̀ yìí ba ọ̀rẹ́ jẹ́, mo sì ti rí i kó lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká wo ìtàn rẹ̀ lónìí. Ìfojúbù, ìyẹn kí ènìyàn wo iṣẹ́ tí a kò tíì ṣe kó sì sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà, ṣé ó tiẹ̀ wúlò nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà? Àbí ara wa là ń tàn?

Ìbéèrè tí ọ̀gá IBM béèrè

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ IBM kéde System/360. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Odidi ẹbí kọ̀ǹpútà ni, láti kékeré dé ńlá. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ra kọ̀ǹpútà tó tóbi ju èyí tó ní lọ, ó sábà máa ń di dandan kí wọ́n tún sọ́fítíwíà wọn kọ. System/360 fẹ́ fòpin sí ìyà yẹn: ohun tí o bá kọ fún kékeré, ńlá náà yóò lè lò ó. Ìwé ìròyìn Fortune pè é ní tẹ́tẹ́ bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fred Brooks. Òun ló darí bí wọ́n ṣe ṣe System/360, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé OS/360, ìyẹn sọ́fítíwíà tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà, lé e lọ́wọ́. Ẹ rò ó bíi Android tàbí iOS tó wà lórí fóònù yín: bí kò bá sí i, kò sí áàpù tí yóò ṣí. Wọ́n ti kéde ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà ti ń retí, ọjọ́ sì ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n OS/360 pẹ́. Owó tó jẹ kọjá ohun tí wọ́n fojú bù ní ìlọ́po mélòó kan, ó sì gba ààyè nínú kọ̀ǹpútà ju bí wọ́n ṣe ṣètò lọ. IBM ní láti gbé àwọn kékeré jáde, bíi DOS/360, kí àwọn tó ti ra ẹ̀rọ lè rí nǹkan lò.

Kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ kò tó. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná jù, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lé ní 1,000. Brooks fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 1963 sí 1966, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà ti jẹ ọdún 5,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá fẹ́ dá a ṣe, ọdún 5,000 ni yóò lò nídìí rẹ̀.

Nígbà tí Brooks ń lọ kúrò ní IBM, láti lọ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina, ọ̀gá pátápátá IBM, Thomas Watson Jr., bi í pé kí ló dé tí sọ́fítíwíà fi ṣòro láti darí ju ẹ̀rọ lọ. Ìdáhùn náà kò yá. Ọdún 1975 ni ìwé tí Brooks fi dáhùn jáde, The Mythical Man-Month, àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà sì ń kà á títí dòní.

Ọ̀wẹ̀ kò ṣiṣẹ́ níbí

Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ti sọ̀rọ̀ oko fún yóò mọ ọ̀wẹ̀. Bí iṣẹ́ oko bá ju agbára olóko lọ, yóò pe ará àti ọ̀rẹ́. Ogún ènìyàn yóò dé pẹ̀lú ọkọ́, kálukú yóò mú poro tirẹ̀, iṣẹ́ ogún ọjọ́ yóò sì parí ní ọjọ́ kan. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ẹni tó wà ní poro kìíní kò ní ohun tó fẹ́ bi ẹni tó wà ní poro ogún kó tó kọ ebè.

Ohun tí Brooks rí ni pé àwọn tó ń fojú bu iṣẹ́ sọ́fítíwíà ń ṣe é bí ẹni pé oko ni. Wọ́n á ní iṣẹ́ tí ẹnì kan lè ṣe ní oṣù mẹ́wàá, ènìyàn mẹ́wàá á ṣe é ní oṣù kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ yóò kan ohun tí ìwọ kọ, àfi ká jọ sọ ọ́ kó tó yéra wa. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí ènìyàn bá jẹ́ 3, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ láàárín wọn jẹ́ 3. Bí wọ́n bá di 10, ó di 45. Bí wọ́n bá di 50, ó di 1,225. Ẹ tún wá fi kún un pé ẹni tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ ilé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti mú un yí ilé ká.

Ibẹ̀ ni òfin tí wọ́n ń fi orúkọ Brooks pè ti wá: bí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́, tí o wá kó ènìyàn kún un, ńṣe ni yóò túbọ̀ pẹ́. Ó fi oyún ṣàpèjúwe: kò sí iye obìnrin tí ènìyàn lè kó jọ tí oyún oṣù mẹ́sàn-án yóò fi di ti oṣù kan.

Ó tún sọ nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú ètò tí Brooks ń lò, kíkọ kóòdù gan-an kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà àkókò lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ti ìrònú àti ètò. Ìdajì odidi jẹ́ ti yíyẹ iṣẹ́ wò àti títún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá bi wá pé ìgbà wo ló máa parí, ìdá kan nínú mẹ́fà yẹn ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. A ń ka ìgbà tí ọwọ́ yóò fi wà lórí kíbọọ̀dù, a kì í ka ìgbà tí orí yóò fi máa gbóná.

Wákàtí tó ń sọnù ní Manchester

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìwé kan náà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ, òun ló sì wù mí jù. Ní ìlú Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Portman jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ní ẹ̀ka kan nínú ilé-iṣẹ́ ICL. Ó ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìlọ́po méjì àkókò tí wọ́n fojú bù fún un. Àwọn tó ń fojú bù ú kì í ṣe ọmọ àná. Wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n sì fara balẹ̀ ṣe ìṣirò wọn.

Portman kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ń fi wákàtí wọn ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ náà, wọ́n rí i pé ìdajì ọ̀sẹ̀ péré ni àwọn òṣìṣẹ́ ń rí lò fún iṣẹ́ kóòdù gan-an. Ìdajì yòókù ti bá ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ, ó bá iṣẹ́ pàjáwìrì kéékèèké lọ, ó bá ìpàdé lọ, ó bá ìwé kíkọ lọ, ó bá àìsàn àti ọ̀ràn ti ara ẹni lọ.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa. Wọ́n fojú bu iṣẹ́ náà dé ibi tó yẹ. Ọ̀sẹ̀ ni wọn kò fojú bù dáadáa. Wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Bí ìdajì bá sọnù ní Manchester, kí ẹni tó wà ní Yábàá tàbí Bódìjà fi iná tó lọ, jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ tán, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà, àti wákàtí mẹ́ta lórí Third Mainland Bridge kún tirẹ̀, kó wá sọ iye tó kù fún mi.

Ẹni tí kò ní ọ̀gá lórí

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ti máa sọ pé àwọn ọ̀gá ló fa gbogbo rẹ̀, pé bí wọ́n bá fi wá sílẹ̀ kò ní sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tí wọ́n fi sílẹ̀.

Donald Knuth jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford. Ní 1974 ó gba Turing Award, ẹ̀bùn tó ga jù lágbo ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 1977, wọ́n fi ojú-ìwé tí wọ́n fẹ́ fi tẹ àtúntẹ̀ ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó wò ó, kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ilé ìtẹ̀wé ti fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀, lẹ́tà tó ti ọ̀nà tuntun jáde kò lẹ́wà lójú rẹ̀. Knuth pinnu láti kọ sọ́fítíwíà tí yóò máa to lẹ́tà ìwé bó ṣe yẹ, ó pè é ní TeX. Ọdún 1978 jẹ́ ọdún tí yunifásítì fún un láyè kúrò nídìí kíkọ́ni. Ó rò pé òun yóò parí rẹ̀ nínú ọdún yẹn.

Ó gbà á ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ó rí i pé òun nílò sọ́fítíwíà mìíràn, METAFONT, tí yóò máa ya àwọn lẹ́tà náà. Ó tún TeX kọ. Èyí tuntun jáde ní 1982. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọ́n sì ń béèrè ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ní 1989 àwọn ará Yúróòpù sọ fún un pé àyè lẹ́tà 128 tó fi sílẹ̀ kò tó fún èdè tó ní àmì lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i kí áàpù kan sọ ọ̀ àti ẹ́ di àmì ìbéèrè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó tún un ṣe, ó fẹ̀ ẹ́ dé 256, ẹ̀dà 3.0 sì jáde ní 1990.

Knuth kò ní ọ̀gá lórí, oníbàárà kan kò pè é lóru, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Síbẹ̀, ọdún kan di ọdún mẹ́wàá lé. Ohun tó fà á ni pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fojú bù ú. Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń mọ ohun tó ń kọ. Télọ̀ tó ti rán búbá ọgọ́rùn-ún mọ iye ọjọ́ tí búbá kan lè gbà. Sọ́fítíwíà tí ẹnì kan ti kọ tán, tí ó sì bá ohun tí a fẹ́ mu, a ó kàn gbà á ni, a kò ní tún un kọ. Nítorí náà, èyí tí a bá jókòó láti kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tí a kò ṣe rí.

Ọkàn wa kì í ka ìjákulẹ̀

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn ènìyàn náà ti dá sí i. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe máa ń ro iṣẹ́ tirẹ̀ ní dídùn-dídùn, kódà nígbà tó mọ̀ pé irú rẹ̀ ti pẹ́ rí. Ní 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn léèrè. Wọ́n ní àwọn yóò parí ní nǹkan bí ọjọ́ 34. Wọ́n tún bi wọ́n pé bí gbogbo nǹkan bá dojú rú pátápátá ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 49. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ti lé ní ọjọ́ 55.

Ẹ kíyè sí i: èyí tí wọ́n fojú bù pẹ̀lú ìbẹ̀rù pàápàá kò tó.

Póìǹtì

Ní àárín àwọn ọdún 1990, nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ Chrysler, ẹgbẹ́ kan ń kọ sọ́fítíwíà tí yóò máa san owó oṣù òṣìṣẹ́. Kent Beck àti Ron Jeffries wà lára wọn. Wọ́n ń fojú bu iṣẹ́ ní ọjọ́ tí kò ní ìdíwọ́, wọ́n á wá fi nǹkan bí mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó bá ọjọ́ gidi mu. Àwọn tó ń sanwó kò lóye rẹ̀: báwo ni iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe ń gba ọjọ́ mẹ́ta? Láti bọ́ nínú àríyànjiyàn yẹn, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ń pè é ní póìǹtì.

Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà padà dá wàhálà sílẹ̀. Póìǹtì tàn káàkiri ayé. Àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé ẹgbẹ́ kan sí èkejì, wọ́n ń bi àwọn òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tí póìǹtì ọ̀sẹ̀ yìí kò tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní 2019 Jeffries kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lòun dá a sílẹ̀, pé bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dun òun. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní nǹkan bí 2012, Woody Zuill àti àwọn kan ti gbé ọ̀rọ̀ kan jáde lórí Twitter, #NoEstimates. Wọ́n ń béèrè bóyá a kò lè ṣiṣẹ́ yìí dáadáa láìfojú bu nǹkan kan rárá.

Ẹni tó ń béèrè náà ní ẹ̀rí ọkàn

Mo gbádùn ìbéèrè wọn, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn dé òpin rẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ máa ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí Iléyá tó dé ti yá owó ra ọjà. Bí o bá sọ fún un pé ìfojúbù kò wúlò, kí ló fẹ́ ṣe? Ó nílò láti mọ̀ bóyá kó dúró dè ọ́ tàbí kó máa tà á lórí WhatsApp bó ṣe ń tà á tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́.

Ẹ rántí Y2K. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń fi nọ́ńbà méjì péré kọ ọdún, wọn kò ní mọ 2000 yàtọ̀ sí 1900. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2000 kò ṣeé sún síwájú, kò sí ọ̀gá tó lè bẹ̀ ẹ́. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ni pé wọ́n to gbogbo sọ́fítíwíà wọn sílẹ̀, wọ́n fojú bu èyí tí wọ́n lè tún ṣe kí ọjọ́ tó pé, wọ́n pààrọ̀ àwọn kan, wọ́n sì pa àwọn mìíràn tì. Ìfojúbù ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀ nítorí pé yíyàn ni wọ́n lò ó fún.

Ifá ọrọọrún

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ má wo ti ẹ̀sìn, ẹ mú ọgbọ́n inú rẹ̀. Babaláwo kò sọ pé nítorí ọ̀la kò ṣeé mọ̀, òun ti fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Kò sì sọ pé èyí tí òun dá lọ́dún tó kọjá ti tó títí ayé. Ó ń padà síbẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ìfojúbù wúlò fún ẹni tó bá ṣe tán láti tún un bù. Ó ń di ìyà nígbà tí a bá bù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí òye wa nípa iṣẹ́ náà kéré jù, tí a wá sọ ọ́ di ìbúra.

Nítorí náà, ìwọ tí wọ́n ń bi, kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ náà ṣe. Bí kò bá sí ohun tí yóò yí padà yálà o sọ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́fà, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Bí ó bá wà, má wo ìrètí rẹ. Wo àkọsílẹ̀ bíi Portman. Ìgbà tó kọjá, irú iṣẹ́ yìí gba ọjọ́ mélòó gan-an? Sọ "láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà", má sọ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tún un bù, kí o sì sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ tó bá yẹ̀, nígbà tí oníbàárà ṣì lè yan ohun tí yóò yọ kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń béèrè, bí ọjọ́ kò bá ṣeé sún, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ dínkù. Bí ọjọ́ kò bá yẹ̀ tí iṣẹ́ náà kò sì dínkù, oorun ọmọ ẹlòmíràn lẹ ń gé. OS/360 kọ́ wa lẹ́yìn ọdún 5,000 pé kíkó ènìyàn lé e kò ní dá ọjọ́ náà padà.

Ibi tí a ó dánu dúró sí nìyí. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tí wọ́n ti ń bi ní "ìgbà wo" láti àárọ̀, ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí i kó fi sinmi díẹ̀.